Ẹní tí Mo Ṣí Lórí Ioelu

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Mangere, ní Auckland níbí, àti ẹ̀yin tó kù sí abúlé ní Savai'i, ní Samoa, òótọ́ tí mo ti há mọ́ inú gbọ́dọ̀ jáde wàyí. Ọkàn mi ti rẹ̀, ara mi ti ń wú, dókítà kò sì fi bò fún mi mọ́ pé ìgbà mi kò pẹ́. Irọ́ tí mo pa dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé, ó sì bá yín jókòó nídìí oúnjẹ. Mo ń kọ èyí kí òótọ́ náà lè rin ìrìn kan náà. Tala, ọmọ Ioelu àbúrò mi, fẹ́ fún ọkọ rẹ̀ ní kídìnrín kan, wọ́n sì ń dá a dúró nítorí mi. Bí mo bá kú láìsọ̀rọ̀, ọkùnrin yẹn lè kú tẹ̀lé mi. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́. Mi ò kàwé púpọ̀, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èmi fúnra mi máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà lọ́kàn mi láti ìgbà èwe wá. Mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, mo sì fẹ́ràn ìṣirò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá wa gba síléètì lọ́wọ́ mi, ó fi àdá sí i. Ó ní, "Pesamino, ọwọ́ rẹ le, oko kókò ló bá ọ mu. Ioelu ò lágbára iṣẹ́, òun ni kó máa kàwé lọ." Ìyá wa gé ẹ̀wù ilé ìwé mi kúrú, ó rán an mọ́ Ioelu lára. Mo dúró lẹ́nu oko, mo ń wo ẹ̀wù mi bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Ioelu kò bèèrè fún un. Ọmọ kékeré ni. Tó bá ti ilé ìwé dé, á sáré wá bá mi lóko láti ràn mí lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni àdá ti gé e ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní. Mo mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mo ń wá ẹni tí màá bínú sí, bàbá wa sì tóbi jù fún mi.

Àwa méjèèjì dàgbà, a wá sí Auckland. Èmi ń gé ẹran ní ilé iṣẹ́ ẹran, òun ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Nígbà tí olórí ẹbí wa kú, àwọn àgbà jókòó, wọ́n gbé oyè ìdílé fún Ioelu. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀wé ló lè bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ wa. Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Mo jókòó ti òpó, mo pàtẹ́wọ́ bí àwọn yòókù. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo èèyàn ti ń pè é ní Olóyè, títí kan Lupe ìyàwó mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò jáde lẹ́nu mi rí. Ioelu ni mo ń pè é, níwájú ẹnikẹ́ni. Lupe bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé ahọ́n rẹ á já ni, tí o bá pe ọmọkùnrin yẹn ní Olóyè?" Mo ní, "Á já." Ó ní, "Kó já jàre, ká lè sinmi." Ioelu fúnra rẹ̀ kò fi í ṣe nǹkan kan. Ṣe ni ìyẹn tún ń bí mi nínú.

Nígbà tó yá, ìtọ̀ ṣúgà ba kídìnrín mi méjèèjì jẹ́, wọ́n sì gbé mi sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó máa ń jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ mi ni Semisi, ará Tonga kan tó lẹ́nu bí ìyá ọkọ. Á wo ẹ̀rọ mi, á ní, "Ará Samoa, nǹkan yìí nìkan ló lè mú kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn tá a bá nà yín nínú bọ́ọ̀lù rọ́gíbì." Èmi náà á dá a lóhùn pé bí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ṣe lọ́ra yẹn, ó jọ bí àwọn ará Tonga ṣe ń sáré lórí pápá. Ayé wa nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bẹ Ioelu pé kó fún mi ní kídìnrín. Ó wá fúnra rẹ̀, ó na apá sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ní tiwa bára mu. Mo fẹ́ kọ̀. Lupe dúró síwájú mi, ó ní, "Tí o bá kọ̀ ọ́, má wulẹ̀ dúró de àìsàn. Èmi ni màá pa ọ́." Mo gbà á. Wọ́n yọ kídìnrín kan lára àbúrò mi, wọ́n fi sí ikùn mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ bí ẹni pé ó ti ń dúró dè mí.

Ọ̀rọ̀ tó bà mí jẹ́ kéré gan-an, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́. Nígbà tí Ioelu lè dìde, wọ́n fi àga onítáyà tì í wá sí yàrá mi. Ó fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n là, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá di pé ó ń wù yín láti lọ sílé ìwé, ẹ má bẹ̀rù o. Kídìnrín mi ni." Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò rántí ẹ̀wù ilé ìwé yẹn mọ́ rárá, ó kàn ń ṣeré pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò kú. Ṣùgbọ́n ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí, ṣe ni mo gbọ́ ọ bíi pé wọ́n tún ti gba síléètì lọ́wọ́ mi.

Dókítà Perera, obìnrin ará Sri Lanka tó ń tọ́jú mi, ti ṣàlàyé oògùn fún mi kí n tó lọ sílé. Ó ní, "Bàbá, ara yín mọ̀ pé àlejò ni kídìnrín yìí. Oògùn yìí ló ń bẹ ara yín kó má lù ú. Láàárọ̀, lálẹ́, títí ayé. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fò ó." Mo gbọ́. Mo sì lò ó fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e mì, ó dà bíi pé mò ń dọ̀bálẹ̀ fún Ioelu. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo bá kí èèyàn, kì í ṣe ara mi ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n á ní, "Kídìnrín Olóyè ńkọ́? Ṣé ó ń ṣe dáadáa?" Òpó irin ẹnu géètì wa kò ní ìdérí lórí, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ní àárọ̀ kan, mo gbé ife kòkó mi dání, mo ṣe bí ẹni tó ń wo títì, mo sì ju oògùn sínú òpó náà. Mo gbọ́ bó ṣe ń ró lọ sísàlẹ̀. Ẹ dárí jì mí, ìró yẹn dùn mọ́ mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bọ́ òpó yẹn bí ẹni bọ́ adìyẹ.

Mo rò pé mo gbọ́n. Tí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ń sún mọ́lé, màá bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn bó ṣe yẹ, kí wọ́n lè bá a nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n sì ń bá a. Ṣùgbọ́n kídìnrín ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì yé Dókítà Perera. Ó ní, "Oògùn wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Kí ló wá ń ṣe é?" Ẹnu mi là, mo sì gbọ́ tí mo sọ pé, "Bóyá kò dára láti ilẹ̀ ni." Ó ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí àwọn tó yọ ọ́. Èmi kò gbọ́ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni mo gbé lọ sílé. Mo sọ ọ́ fún Lupe, mo sì fi ibà kan kún un tó ṣe Ioelu nígbà tó wà ní kékeré, tí ìtọ̀ rẹ̀ fi pọ́n fún ọjọ́ mélòó kan. Ibà náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Èmi ni mo fi òótọ́ yẹn kọ́lé fún irọ́. Lupe sọ fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí mi ò mọ̀ rí: Olóyè fi àìsàn pamọ́, ó gbé ẹ̀yà ara tó ti bàjẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n lè yìn ín.

Ioelu wá bá mi. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ, pé kídìnrín yẹn ń kú?" Mo ní, "Ṣé o sọ fún àwọn dókítà nípa ibà yẹn?" Ó ní, "Rárá. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá." Mo ní, "O gbàgbé." Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà, bí ẹni tí ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Ó gba ẹ̀bi náà lọ́wọ́ mi láìjiyàn, bó ṣe gba ẹ̀wù ilé ìwé.

Àwọn dókítà fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gígùn bu díẹ̀ lára kídìnrín náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kọ̀, mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Dókítà Perera ní kò burú, àyẹ̀wò tuntun kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ lásán ni wọ́n máa gbà. Inú ìgò kékeré ọ̀tọ̀ ni wọ́n fà á sí, omi kan ti wà nínú rẹ̀ tó máa mú kí ẹ̀jẹ̀ dúró sójú kan bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ó ní, "Kì í ṣe oògùn là ń wá lọ́tẹ̀ yìí. A fẹ́ gbọ́ ohun tí ara yín ń sọ." Ó ní sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara èèyàn ló ní gbogbo ìtọ́ni ara nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní jíìnì, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Èyí tí ara bá nílò ló máa ń jí, ìyókù á sùn. Tí ara bá ń bá àlejò jà, àwọn jíìnì ti ogun á jí, wọ́n á sì máa pariwo nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi ju bó ṣe rò lọ. Ní ilé iṣẹ́ ẹran, kí o tó dé ọgbà màlúù, o ti lè gbọ́ bóyá ara wọn balẹ̀ tàbí wọ́n ti gbóòórùn ọ̀bẹ.

Nígbà tí èsì dé, ó ti ilẹ̀kùn, èmi àti òun nìkan ló kù. Ó ní, "Ariwo náà pọ̀ gan-an, bàbá. Kò sí ohun tó ṣe kídìnrín tí àbúrò yín fún yín. Ara yín ló ń lù ú. Oògùn tí mo bá nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ohun tí ẹ lò lọ́sẹ̀ yìí ló ń sọ fún mi, ṣùgbọ́n ogun yìí ti pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ yìí lọ. Ṣé ẹ máa ń fo oògùn?"

Mo ní rárá.

Ó ní, "Mi ò bá yín jà o. Àìmọye èèyàn ló ń fò ó. Tí ẹ bá sọ fún mi, a ṣì lè gbà á là." Mo ní rárá. Ó wá ní, "Ṣé kí n pe àbúrò yín, kí n sọ fún un pé kídìnrín rẹ̀ dára? Mo gbọ́ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Àmọ́ mi ò lè sọ nǹkan kan nípa yín láìgba àṣẹ yín." Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un." Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi di ẹ̀ṣẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, mo lè sọ pé ìbínú ló ń tì mí. Láti ọjọ́ náà lọ, mo ti mọ̀, dókítà ti fi sí mi lọ́wọ́, mo sì gbé e lọ sílé, mo jẹun, mo sùn.

Ẹ mọ àṣà wa. Ẹni tó bá ṣẹ ẹbí kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá á wá kúnlẹ̀ síwájú ilé wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, á fi ẹní àtàtà bo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, á dákẹ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nìkan ló lè ṣí i. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dókítà yẹn, Lupe jí lọ síbi fèrèsé, ó sì pariwo. Mo wò ó. Ẹnì kan kúnlẹ̀ sórí koríko wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó géètì, ẹní bò ó. Àwọn àgbà ìdílé dúró lójú títì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ díẹ̀ lábẹ́ etí ẹní, mo sì rí àpá tó wà lórí àtàǹpàkò.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Lupe ní, "Pesamino, lọ ṣí ẹní yẹn lórí ọmọ ìyá rẹ." Mo ní, "Kó kúnlẹ̀ díẹ̀ sí i." Mo jókòó, mo mu kòkó mi. Mo ń wo omi òjò bó ṣe ń ṣàn wọ inú òpó tí mo ń da oògùn sí, àbúrò mi sì kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án. Gbogbo ẹ̀rí tó lòdì sí mi wà nínú irin yẹn, òun sì ni ó ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń kọjá pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, wọ́n ń dúró wò ó. Lupe ń sunkún. Ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, irú ọkàn wo lo ní? Ó ní kídìnrín kan ṣoṣo nínú òtútù yìí!" Ìgbà yẹn ni mo tó jáde. Mo ṣí ẹní lórí rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. Níwájú àwọn àgbà, níwájú àwọn ọmọ tó ń wò wá, mo sọ ọ́ sókè pé, "Mo ti dárí jì ọ́." Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi bo ojú rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé." Mo jẹ́ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, kò sí èyí tó burú tó ìyẹn.

Ioelu gbé oyè sílẹ̀. Ó ní òun kò lè máa jókòó síwájú mọ́. Tí ẹbí bá kóra jọ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ gbé oúnjẹ kiri, òun tó jẹ́ olóyè àná. Á gbé ewé kókò tí a fi omi àgbọn sè síwájú mi, á ní, "Ẹ jẹun dáadáa, ẹ̀gbọ́n." Mo ń jẹ ẹ́. Kídìnrín náà kú nínú mi, mo padà sídìí ẹ̀rọ, Ioelu ló sì ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ gbé mi bọ̀. Semisi wò ó lọ́jọ́ kan bó ṣe ń tò bùláńkẹ́ẹ̀tì sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Pesamino, tí o kò bá fẹ́ àbúrò yìí mọ́, fún mi. Màá fi àbúrò tèmi méjì pààrọ̀ rẹ̀."

Láìpẹ́ yìí ni Tala bá wa wọ ọkọ̀. Kídìnrín ọkọ rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé Tala lè fún un ní ọ̀kan. Ó ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i. Ioelu kò wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Tala, má ṣe é. Ìdílé wa kò ní kídìnrín tó ṣeé fún èèyàn. Ṣé o kò rí ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó síbẹ̀ yẹn ni? Wo ohun tí mo fi ṣe é." Tala yíjú, ó wò mí. Ojú rẹ̀ kún fún àánú mi. Mo fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí n bọ́ sí títì.

Nígbà tí mo délé, mo ní kí Lupe bá mi yọ ẹní tí Ioelu fi sílẹ̀ lọ́jọ́ òjò yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Kí lo fẹ́ fi í ṣe?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹnu mi lo fi gbé e kiri." Kò bú mi. Ó ká ẹní náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilé wa, mi ò ní ọgbọ́n kankan láti fún yín ju èyí lọ: tí ẹnì kan bá ṣẹ̀ yín, òun ni kí ẹ bá jà, kí ẹ sì bá a jà tán. Èmi fi ẹjọ́ bàbá mi dá ọmọ tí kò jẹ̀bi lẹ́jọ́ ní gbogbo ayé mi. Ẹ̀yin àgbà, tí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà dá oyè padà fún ẹni tó ni ín, kí ẹ sì jẹ́ kí Tala fún ọkọ rẹ̀ ní ohun tó fẹ́ fún un.

Ibi tí mo kọ ìwé yìí dé nìyẹn kí a tó jáde. Ní ìdájí, Lupe gbé mi dé iwájú ilé Ioelu. Orúnkún mi kò gbé mi mọ́, ṣe ni ó rọra sọ̀ mí kalẹ̀ sórí koríko, ó sì fi ẹní bò mí. Ẹní náà ń rùn bíi kánfọ̀. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, mo gbọ́ ohùn Tala, mo gbọ́ tí aládùúgbò kan ń bèèrè pé kí ló dé. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ kan sáré wá, ó dúró níwájú mi, mo sì rí àpá àdá lórí àtàǹpàkò rẹ̀ lábẹ́ etí ẹní. Kò tilẹ̀ bèèrè ohun tí mo ṣe. Ó ti na ọwọ́ láti ṣí ẹní. Mo di etí ẹní náà mọ́lẹ̀. Mo ní, "Dúró. Má ṣí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ tutù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Mo ní má ṣí i."

Mo kó gbogbo èémí tó kù sí mi láyà jọ, kí Tala lè gbọ́, kí aládùúgbò lè gbọ́, mo sì sọ ọ́ sókè: "Olóyè, kídìnrín tí ẹ fún mi dára. Kò ní àbùkù kankan. Èmi ni mo da oògùn nù, èmi ni mo pa á, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fi yín sílẹ̀ sínú òjò."